ÌBÀNÚJẸ́ TÓ DI ÀÌSÀN: OHUN TÍ ÀWỌN AÁFÁÀ ÀTIJỌ́ MỌ̀, ÀTI OHUN TÓ YẸ KÍ ÀWA ÒDE ÒNÍ ṢE

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mú ìpàdé ti ọdún yìí ṣojú ẹ̀mí wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́.



ÌFÁÀRÀ

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbànújẹ́ tó di àìsàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní depression. Nígbà tí àwọn kan gbọ́ àkọlé náà, wọ́n bi mí pé kí ló kan aáfáà nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀dọ̀ aáfáà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú aláìsàn yìí wá. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ilé ìwòsàn, wọ́n á ti dé ọ̀dọ̀ lémọ́mù. Wọ́n á ní, "Aáfáà, ẹ bá wa wo ọmọ yìí o, kò jẹun mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àbí wọ́n ti fi nǹkan ṣe é ni?" Ohun tí lémọ́mù bá sọ lọ́jọ́ náà lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè mú kí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo sábà máa ń gbọ́ lórí ìjókòó wáàsí nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ìmáànì rẹ̀ ló rẹlẹ̀, pé ẹni tó bá ń kírun dáadáa, tó sì gba kádàrá gbọ́, ìbànújẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò lónìí. Mo fẹ́ kí á rí i pé àwọn aáfáà tó ṣáájú wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé ìbànújẹ́ lè di àìsàn gẹ́gẹ́ bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń ṣe, àti pé bí àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra ni ìtọ́jú wọn ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn Yorùbá ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Bí a kò bá gbà pé àrùn ni, báwo ni a ó ṣe wò ó?

ÌBÀNÚJẸ́ NÍNÚ ILÉ ÀWỌN ÀNỌ́BÌ

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànọ́bì Yàkúbù nínú Súrà Yúsúfù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọnù, ó sunkún títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi di funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a wí pé kò ní í yéé rántí Yúsúfù títí yóò fi ṣàìsàn tàbí kí ó kú. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú Àlùkùránì tí Ọlọ́hun ti bá Yàkúbù wí nítorí ẹkún náà. Ẹni tó ń sunkún yẹn gan-an ló kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ ìrètí nù nínú ìkẹ́ Ọlọ́hun. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìbànújẹ́ tó fọ́ ojú àti ìmáànì tó dúró ṣinṣin jọ wà nínú ọkàn ènìyàn kan náà.

Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, náà rí i. Ní nǹkan bí ọdún 619, ìyàwó rẹ̀ Khadijah àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ Abu Talib kú ní ọdún kan náà. Àwọn onítàn Ìsìláàmù pe ọdún náà ní Aamul-Huzn, ìyẹn Ọdún Ìbànújẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú ní Mẹ̀dínà, omi bọ́ lójú rẹ̀ ní gbangba, ó sì ṣàlàyé fún ẹni tí ẹnu yà pé àánú ni omijé náà.

Hàdíìsì kan tún wà nínú ìwé Bukhari tí àwa oníwàásí kì í sábà kà. Ìyá wa Aisha máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n se talbina fún aláìsàn àti fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, nítorí ó gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì pé ó máa ń tu ọkàn aláìsàn lára, ó sì máa ń mú díẹ̀ kúrò nínú ìbànújẹ́. Kí ni talbina? Ìyẹ̀fun ọkà báálì ni wọ́n fi ń sè é bí ẹni se ògì. Ẹ ò rí i pé nínú Sunna, wọ́n ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún ẹni tó ń banújẹ́. Wọn kò kọ́kọ́ bi í pé ṣé ìmáànì rẹ̀ pé.

ABU ZAYD AL-BALKHI

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ orúkọ rẹ̀ lónìí ni Abu Zayd Ahmad ibn Sahl al-Balkhi. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 850 ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Balkh, tó wà ní orílẹ̀-èdè Afuganísítàánì òde òní. Ó kú ní ọdún 934, ìyẹn ọdún 322 lẹ́yìn Hijra. Kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ló ní; ó kọ̀wé lórí ẹ̀sìn, ó sì kọ̀wé lórí àwòrán ilẹ̀ ayé, tó fi jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ìwé rẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ wa ni Masalih al-Abdan wa al-Anfus, èyí tí mo lè túmọ̀ sí "Ohun tó ṣe ara àti ọkàn ní àǹfààní". Apá méjì ni ìwé náà. Apá kìíní dá lé ara: omi, afẹ́fẹ́, oúnjẹ, oorun, ìwẹ̀. Apá kejì dá lé ọkàn, orí mẹ́jọ ló sì ní. Al-Balkhi ní àwọn dókítà ìgbà òun ń tọ́jú ara nìkan, wọn kò bìkítà fún ọkàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ara àti ọkàn so pọ̀, bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, yóò ran èkejì. Ó ní ènìyàn lè pẹ́ láyé kí àìsàn ara kan má ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ohun tó ń da ọkàn láàmú kì í kàn lójoojúmọ́.

Ó pín ìdààmú ọkàn sí mẹ́rin: ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, àti wasiwasi, ìyẹn èrò tí kì í kúrò lọ́kàn. Nígbà tó dé orí ìbànújẹ́, tí ó ń jẹ́ huznu ní èdè Lárúbáwá, ó tún pín in sí méjì.

Èkíní ni ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀: olólùfẹ́ ẹni kú, owó ṣòfò, ohun tí a fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èyí, ó ní, ọ̀rọ̀ ni a fi ń wò ó: ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ń bá ara rẹ̀ sọ nínú, àti ọ̀rọ̀ tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ń bá a sọ láti òde.

Èkejì ni ìbànújẹ́ tí ẹni tó ń ṣe kò mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ṣáá, kò jẹ́ kó gbádùn ohunkóhun. Al-Balkhi ní inú ara ni èyí ti ń wá, láti inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà oògùn ara ni kí á fi wò ó, kí á sì fi ọ̀rọ̀ dídùn àti ìjókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn kún un.

Òótọ́ ni pé àwọn dókítà òde òní kò tún gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni, wọn kò sì fi odi sáàárín irú ìbànújẹ́ méjèèjì yìí mọ́, nítorí wọ́n ti rí i pé èyí tó ní ìdí náà lè di àìsàn tó nílò oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọkùnrin yìí ti rí òótọ́ tó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn: pé ènìyàn lè máa banújẹ́ kí ó má sí ohun tó ṣe é, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, pé nǹkan ló ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó tún ní ọkàn àwọn ènìyàn kò lágbára bákan náà, bí ara wọn kò ṣe lágbára bákan náà. Ó sì gba ẹni tí ara rẹ̀ le nímọ̀ràn pé kí ó kó èrò rere pamọ́ sọ́kàn fún ọjọ́ ìdààmú, bí onílé ṣe ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé kí àìsàn tó dé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àwa kò fi gbọ́ orúkọ ìwé yìí. Nínú ilé-kéwú tí mo lọ, a ka fíkíhù, a ka náháwù, a ka tafsíìrì. Ẹnikẹ́ni kò mú ìwé al-Balkhi wá síbẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní ilé ìkówèésí Süleymaniye ní ìlú Istanbul, ọdún 1984 ni Fuat Sezgin tó ya àwòrán rẹ̀ jáde ní ìwé ní Frankfurt, ní Jámánì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Malik Badri, ọmọ Sudan, ló túmọ̀ apá tó kan ọkàn sí èdè Òyìnbó, tí ó jáde ní ọdún 2013. Ìmọ̀ tiwa ni, ṣùgbọ́n kò tètè dé ọwọ́ wa.

AÁFÁÀ PẸ̀LÚ LÈ ṢE É

Ní ìgbà ayé al-Balkhi náà, ní ìlú Kairouan ní Tùnísíà òde òní, dókítà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ishaq ibn Imran. Òun kọ odindi ìwé kan lórí àìsàn tí wọ́n ń pè ní malikhuliya, ìyẹn ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù tó gba ènìyàn lọ́kàn tí kò sì lọ. Nínú ọ̀rúndún kọkànlá ni Constantine ará Áfíríkà sọ ọ́ di èdè Látìn, tí àwọn dókítà Yúróòpù fi ń lò ó.

Nínú ohun tí Ishaq kà sí ìdí àìsàn yìí, ó dárúkọ ikú ọmọ tí a fẹ́ràn. Ó tún dárúkọ kí ìwé ọ̀mọ̀wé ṣòfò, irú èyí tí kò lè rí òmíràn rà mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó kan àwa tí a jókòó síhìn-ín: ó ní àwọn tó ń fi ìwé kíkà pa ara wọn lára, àti àwọn olùfọkànsìn tí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun àti ìjọsìn wọn pọ̀ ju agbára ara wọn lọ, wà nínú àwọn tí àìsàn yìí máa ń mú. Ta ni yóò wá sọ pé àìkírun ló fà á?

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ, ẹ lọ ka ohun tí Imam al-Ghazali fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nínú ìwé rẹ̀ al-Munqidh min al-Dalal. Ọdún 1095 ni, ọdún 488 lẹ́yìn Hijra. Òun ni olùkọ́ àgbà ní Nizamiyya ti Baghdad, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, òkìkí rẹ̀ sì kàn kárí ayé Mùsùlùmí. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà. Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, omi kò lọ, agbára rẹ̀ sì tán. Àwọn dókítà wò ó títí, wọ́n ní inú ọkàn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ara, àti pé àfi kí ọkàn náà kọ́kọ́ rí ìsinmi. Al-Ghazali fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kúrò ní Baghdad, ó lọ sí Damasku, Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà. Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kọjá kó tó tún padà sí ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur.

Èmi kò sọ pé a lè jókòó lónìí kí á máa fún ẹni tó ti kú láti ọdún 1111 ní orúkọ àìsàn. Òun fúnra rẹ̀ rí ọwọ́ Ọlọ́hun nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é lójú ayé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò sì fi pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ rẹ pé ẹni tí kò lè jẹun, tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ìdààmú ọkàn kò ní ìmáànì, bi í léèrè pé ibo ni yóò fi Imam al-Ghazali sí.

ILÉ ÌWÒSÀN TÍ WÀKÁFÙ Ń BỌ́

Àwọn Mùsùlùmí kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sínú ìwé. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní bimaristan. Èyí tí Sultan Nur al-Din kọ́ sí Damasku ní 1154, àti èyí tí Sultan Qalawun kọ́ sí Kairo ní 1284, ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú. Ti Kairo gba ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà. Wàkáfù ló ń bọ́ ọ, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, tí èrè rẹ̀ ń lọ sórí oúnjẹ, oògùn àti owó iṣẹ́ dókítà. Ní Edirne, ní Tọ́kì, Sultan Bayezid Kejì kọ́ ilé ìwòsàn kan tó parí ní 1488. Arìnrìn-àjò tí ń jẹ́ Evliya Çelebi dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ń dún níbẹ̀, òdòdó wà, àwọn olórin sì ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti tu àwọn aláìsàn nínú.

Kí n má fi ẹyọ kan pamọ́ fún yín: àwọn kan wà nínú ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn baba wa ṣe ni kí á tún ṣe. Ṣùgbọ́n pé kí ìjọ máa dáwó láti tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ìyẹn wà nínú ìtàn wa, ó sì ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ JẸ́ KÍ Á WÁ SÍLÉ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba Òyìnbó ló kọ́ ilé àkọ́kọ́ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ní Yábàá, Èkó, ní ọdún 1907. Ibi tí wọ́n ń kó ènìyàn pamọ́ sí ni nígbà náà, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Àwọn tó ń pariwo káàkiri ìgboro ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú yàrá tí kò jẹun, ta ló máa rí i?

Nítorí náà ni àwọn Òyìnbó kan fi rò pé ìbànújẹ́ tó ń di àìsàn kò wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú. Dókítà J. C. Carothers, tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953. Ó ní ènìyàn dúdú kì í di ẹrù ọ̀rọ̀ lé ara rẹ̀ lórí, àwọn ẹlòmíràn ló máa ń dẹ́bi fún.

Ọmọ Abẹ́òkúta ló fi iṣẹ́ dá a lóhùn. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní 1923, dé sí ilé ìwòsàn Aro ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n á wá gba oògùn lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín ènìyàn lálẹ́. Ètò yìí ni gbogbo ayé wá kọ́ ní Aro. Lẹ́yìn náà, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn ènìyàn lọ sí àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta láti wádìí. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì àìsàn yìí wọ́pọ̀ dáadáa láàrin Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un.

Òótọ́ sì ni, a kò ní orúkọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ẹnìkan á ní, "Ayé ti sú mi." Òmíràn á ní, "Ọkàn mi wúwo." Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ dárúkọ ọkàn rárá, wọ́n á ní, "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí mi, gbogbo ara ń ro mí, n kò lè sùn." Wọ́n á lo oògùn ibà títí, kò ní í lọ. Lémọ́mù tó bá gbọ́ èdè yìí dáadáa yóò mọ ohun tí aláìsàn ń wí.

OLÚKÚLÙKÙ PẸ̀LÚ TIRẸ̀

Àwọn dókítà ní bí ọkàn ènìyàn bá wúwo ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí ó ń rẹ̀ ẹ́, tí kò lè fọkàn sí nǹkan, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá tàbí tí ó ń ronú ikú, kí á mú un wá. Àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú tó ń gbà yọ yàtọ̀.

1. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni opó tó wà nínú ìddà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ènìyàn á ti lọ. Ṣàríà kò ní kí a má bẹ̀ ẹ́ wò. Kí àwọn obìnrin ìjọ pín ọjọ́ láàrin ara wọn, kí ẹnìkan máa gbé oúnjẹ lọ bá a, kí ó sì jókòó tì í. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí kò lè dìde wẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀fọ̀ nìkan.

2. Abiyamọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 lórí àwọn obìnrin ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún tó bímọ, nǹkan bí mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìbànújẹ́ yìí wà lára wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wo bó ti pọ̀ tó! Àwa sì ń ṣe súná lọ́wọ́, à ń jẹ, à ń mu, a kò wo ojú ìyá ọmọ. Tó bá ní òun kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, wọ́n á ní àjẹ́ ni tàbí àlùjànnú. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kí ìyá ọkọ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sùn, kí wọ́n sì mú un padà lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀.

3. Akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣú, tí ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Ó rí i pé ẹrù ìrètí gbogbo ẹbí ló wà lọ́rùn wọn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹrù náà kò tíì fúyẹ́. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ní orí ń gbóná òun, ẹ má tètè pariwo ọ̀lẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú tó ń há Àlùkùránì sórí lóru, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Ishaq ibn Imran. Oorun wà lára ìtọ́jú ọkàn.

4. Àgbàlagbà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn wádìí láàrin àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2007, nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn yìí ṣe láàrin ọdún kan ṣoṣo. Àwa á ní ogbó ni. Bàbá tó ń wá ìrun Àsùbáà lójoojúmọ́ tí a kò rí mọ́, tí a ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ṣé a ti bẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n owó kì í bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ.

5. Baálé ilé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀ wó. Kì í sunkún, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ìbínú ló máa ń bá jáde, tàbí kí ó máa pẹ́ níta, kí ó má fẹ́ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ á wá fi ẹjọ́ sùn wá. Kí á tó dá ẹjọ́ ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí á bi ọkùnrin náà léèrè bó ṣe ń sùn.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jáde ní ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀sìn wa pè; wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún rí òmíràn ní Daura. Ní oṣù kọkànlá, ó di Ìbàdàn. Ìtìjú ńlá ni fún àwa tí Nur al-Din àti Qalawun ṣáájú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin 1958 tí wọ́n fi ń pe aláìsàn ní wèrè. Ìmọ̀ràn tèmi fún àwa aáfáà rèé:

Èkíní, ẹ má na aláìsàn, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má febi pa á ní orúkọ pé ẹ ń lé àlùjànnú.

Èkejì, ẹ ṣe àdúà fún un, ẹ ka Àlùkùránì sí i, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ànọ́bì ló ní kí á máa wá oògùn. Àdúà kò bá oògùn jà rí. Oògùn àìsàn yìí máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń lò ó fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Aáfáà tó bá ní kí aláìsàn da oògùn nù nítorí ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ṣe é ní ibi. Bí Ramadan bá dé, kí ó bi dókítà rẹ̀. Aláìsàn ní ìyọ̀ǹda láti má gbààwẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ kú, ẹ má pè é ní kèfèrí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bi í ní gbangba ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Hàdíìsì kọ́ wa pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́hun nìkan ló sì mọ ibi tí làákàyè ẹnì kan dé. Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ní ìlànà Imam Malik tí àwa ń tọ̀, a ń wẹ òkú náà, ìjọ sì ń kírun sí i lára. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kún ọ̀fọ̀ ẹbí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ nínú owó tí à ń dá lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ra oògùn fún ẹni tí kò lágbára. À ń kọ́ mọ́sáláṣí, à ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọ́ bimaristan náà kọ́ mọ́sáláṣí.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn tí mo kó kalẹ̀ yìí gùn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń sọ. Al-Balkhi mọ̀ pé ìbànújẹ́ lè jẹ́ àìsàn ara. Ishaq ibn Imran mọ̀ pé ó ń mú olùfọkànsìn. Al-Ghazali jẹ́rìí sí i lórí ara rẹ̀. Lambo fi hàn pé ó wà nílé wa, àti pé àárín ènìyàn ni aláìsàn ti ń tètè gbádùn. Nígbà tí wọ́n bá tún mú ẹni tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, wá sí iwájú yín lọ́la, ẹ má bi í pé rakah mélòó ló kí lánàá. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi, ẹ bi í pé láti ìgbà wo ni kò ti sùn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó tu àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nínú, kí Ó sì fún àwa aáfáà ní etí tí à ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Àmín.